Ẹni Tí Yóò Dúró fún Ọ

Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa nílùú Ìbàdàn, ojú ewé kan péré ni fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Orúkọ rẹ, iye tí o ti fi pamọ́, iye tí o fẹ́ yá, ohun tí o fẹ́ fi owó náà ṣe, àti nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà méjì tí àwọn onídùúró yóò buwọ́ lù. Mo ti ń bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fọ́ọ̀mù yìí wò láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ń fojú gbogbo wa rí màbo. Wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe akọ̀wé, wọ́n wá fi mí ṣe alága. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì níbi ìgbìmọ̀ yìí.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe ń yan iṣẹ́, báwo la ṣe ń náwó, ìgbà wo ló yẹ kéèyàn gbéyàwó tàbí kó fi ìlú sílẹ̀ ní àsìkò tí nǹkan ò dúró sójú kan yìí, ọ̀dọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ. Kò sí ohun tí ẹ̀dá ń lé láyé tí kò tíì gba orí rẹ̀ kọjá lójú mi: owó orí ìyàwó, ilẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ akérò, owó ìwé ìrìnnà, owó iṣẹ́ abẹ, òkú bàbá. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé n óò sọ fún wọn pé ẹni tó bá mọ ìṣirò ló ń yege. Mo ti rí àwọn tó ṣírò dáadáa tí wọ́n sì ṣubú, mo ti rí àwọn tí kò mọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀nà wọn là gbọọrọ. Ibi tí mo ti ń rí ìyàtọ̀ ni ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn. Ta ló gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà kó tó di ṣíṣe? Ta ló gbà láti fi owó tirẹ̀ dúró lé e lórí?

Àṣà ìdúró yìí, kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, èsúsú wà níbẹ̀, ìwọ̀fà náà sì wà níbẹ̀. Bàbá tó ní òkú láti sin tàbí ìyàwó láti gbé fún ọmọ á tọ olówó lọ, á sì fi ọmọ tàbí àbúrò sílẹ̀ kó máa fi iṣẹ́ san èlé títí tí wọn yóò fi dá owó padà. N kò gbàdúrà kí ìwọ̀fà padà wá o. Ọmọ tó lo ìgbà èwe rẹ̀ lóko olóko nítorí gbèsè tí kò jẹ, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà kí agbo ilé má mọ̀. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó agbègbè wa wá ń kó ara wọn jọ, tí ìjọba amúnisìn fi òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lélẹ̀ ní 1935, ọdún kan lẹ́yìn tí C. F. Strickland, tí wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kọ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀, orí ohun àtijọ́ yìí náà ni ẹgbẹ́ tuntun dúró lé: kí àwọn tó mọ ara wọn máa yá ara wọn lówó, kí ẹnì kan sì dúró fún ẹnì kejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n mú ìyà ọmọdé kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ojú èèyàn sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé inú ìgbìmọ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo òbí ń tọ́ka sí: kàwé, ríṣẹ́ ìjọba, gbéyàwó, kọ́lé, gba owó ìfẹ̀yìntì. Ṣáájú 1986, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Láti ìparí ọdún yẹn ni owó wa ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ tẹ̀rẹ́, kò sì pẹ́ tí àwa olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ oṣù mélòó kan kí a tó rí owó ẹyọ oṣù kan gbà. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn tó rò pé orí àwọn ni ayé ti kọ́kọ́ wọ́. A ti rìn ín rí. Ṣùgbọ́n a jọ rìn ín ni. Inú yàrá olùkọ́ kan náà la ti ń mọ ẹni tí kò jẹun wá, a sì ń mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti padà sílé bàbá rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìgbà náà, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, wá yá owó láti ra ẹ̀rọ ìlọta. Ó fẹ́ gbé e síwájú ilé. Ẹnu kò sìn lára rẹ̀, wọ́n ní tíṣà ti di ẹni tó ń lọ ata. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ kó dúró fún òun sọ pé òun á dúró, bí ìyàwó tíṣà bá lè wá sọ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ̀rọ náà, nítorí ta ni yóò máa lọ ata nígbà tí tíṣà bá wà ní kíláàsì? Ìyàwó wá. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ, ààrò búrẹ́dì lòun fẹ́, òun ti ń bá ẹ̀gbọ́n òun yan búrẹ́dì láti kékeré, ọkọ òun ò bi òun rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn níwájú wa. Ọkọ ń sọ iye tí àpò ìyẹ̀fun jẹ́, ìyàwó ń sọ iye búrẹ́dì tí àpò kan ń gbé jáde àti ìsọ̀ tí yóò kó o fún. A jókòó, a ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, fọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n kọ, ààrò ló sì wà lórí rẹ̀. Ààrò yẹn ló rán àwọn ọmọ wọn nílé ìwé. Bí ọkùnrin yẹn bá rí owó yá níbòmíràn lọ́jọ́ yẹn láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè, ẹ̀rọ ìlọta ni ìbá rà, orí rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ìbá sì ti máa jà.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ owó lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́tọ̀. Ẹnu la fi ń pín wọn. Nínú ilé, orí tábìlì kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn lè pa èèyàn lára pẹ̀lú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ní 2016, ètò kan wọ ìlú tó ń ṣèlérí èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan. Olùkọ́ kan kọ sórí fọ́ọ̀mù pé òun fẹ́ ra páànù òrùlé. Onídùúró rẹ̀ méjèèjì ti rí ilé náà, lóòótọ́ ló nílò òrùlé. Ó gba owó lọ́wọ́ wa, ó kó o síbi èlé ọgbọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn ètò ọ̀hún mọ́ gbogbo ayé. Ọkùnrin náà kò rówó san, òfin ẹgbẹ́ sì wà nílẹ̀: a bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lára owó oṣù àwọn tó dúró fún un. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin opó tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ṣùgbọ́n igi tí ọkùnrin yìí bẹ́, ọ̀nà ẹlòmíràn ló dí. Ó dùn mí títí di òní. Ìpinnu tó ṣe kì í ṣe ìpinnu wèrè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọwé ló ṣe irú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni pé ó gba ìdúró àwọn èèyàn fún ohun kan, ó sì lọ fi í ṣe òmíràn. Bó bá sọ òótọ́ fún obìnrin opó yẹn, ìbá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tó ń mú èlé ọgbọ̀n wá lóṣù. Irú ìbéèrè tí obìnrin tó ń ra ẹ̀wà lọ́jà máa ń béèrè nìyẹn.

Kí n wá sórí ìgbéyàwó, nítorí òun ló ń mú owó ẹgbẹ́ wa lọ jù lẹ́yìn owó ilé ìwé.

Tọkọtìyàwó kan tọ̀ wá wá ní bí ọdún kan lẹ́yìn ìnáwó wọn. Ọkọ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyàwó sì wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n kó ìwé owó oṣù wọn sílẹ̀ lórí tábìlì wa, tọkọ lápá kan, tìyàwó lápá kejì. Lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ìlà ìyọkúrò kan wà, oṣù kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Fọ́ọ̀mù tọkọ kà pé àtúnṣe ilé. Tìyàwó kà pé owó ilé ìwé. Ìnáwó kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì yáwó fún, ẹnì kan ò sọ fún ẹnì kejì. Ọkọ fẹ́ kí ìyàwó gbà pé òun tó tán. Ìyàwó ò fẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ máa sọ pé ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ kò lẹ́ṣin nínú ìso. Gbọ̀ngàn, aṣọ òkè, alága ìdúró àti alága ìjókòó, ọtí, orin, ẹ̀yáwó méjì ló san gbogbo rẹ̀. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń bi ara wọn pé níbo lowó ń gbà lọ nínú ilé yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ ibi tí ìdajì ń gbà lọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìwé owó oṣù tí ìyàwó gbàgbé sínú àpò aṣọ tó fẹ́ fọ̀ ló tú àṣírí.

A na àsìkò ìsanwó gùn fún ọkọ, kí iye tí wọ́n ń yọ lóṣù lè dín kù, ìyẹn rọrùn. Ohun tó pẹ́ lẹ́nu wa ni ìjíròrò tó tẹ̀ lé e láàrin ìgbìmọ̀. Ìyá aránṣọ kan tó wà láàrin wa, tí kò kàwé púpọ̀, sọ pé láti òní lọ, ẹni tó bá yáwó ìgbéyàwó, kí ẹni tó fẹ́ fẹ́ wá jókòó tì í. Àwọn kan ní ìyẹn ti pọ̀ jù, pé a ti ń wọ yàrá oníyàrá. Èmi wà lẹ́yìn ìyá náà, mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; ẹni méjì tí kò lè jọ wo iye tó wà nínú ilé kí wọ́n tó pe ayé jọ, orúkọ wo ni wọ́n fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀? Láti ìgbà tí a ti fi òfin náà lélẹ̀, mo ti rí àwọn tó jókòó tira wọn tán tí wọ́n fa fọ́ọ̀mù ya, tí wọ́n ní kí a fún àwọn ní ìdajì. Láti 2023 ni wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń sọ fún òbí pé ìdána àti yìgì tó, tàbí ìdána àti ìwé kóòtù. Àwọn òbí ń bínú. Mo rò pé ìgboyà ló wà nínú ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń ṣe, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló wá le jù báyìí. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé nílùú Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní iye owó kan nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láìdín, kó lè fi hàn pé òun lè gbọ́ bùkátà ara òun. Àwọn kan ń yá owó náà gbé síbẹ̀ fún ọjọ́ náà, wọ́n á tún dá a padà pẹ̀lú èlé. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè owó yìí ni kí ebi má pa ọ́ lájò. Ẹni tó háyà rẹ̀ ti gba ìwé ìrìnnà, ebi rẹ̀ ṣì ń dúró dè é níbẹ̀.

Ẹni méjì wà lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, ìyá pe àwọn àbúrò rẹ̀ jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé ìwé owó ilé ìwé sílẹ̀, ó sì sọ iye tí òun ní àti iye tí òun ò ní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ra pọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tí owó wa ti ibi nǹkan bí ₦470 sí dọ́là kan dé ibi tó ju ₦1,500 lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó ilé ìwé tó ṣẹ́kù di ohun tí ẹnì kan ò lè gbé. Wọ́n pín in láàrin ara wọn, nítorí wọ́n ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ọmọ náà pé ta ló rán ọ.

Ẹnì kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ìfowópamọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀. Ìgbà tí fọ́tò rẹ̀ jáde nínú òtútù ni àwọn òbí rẹ̀ gan-an mọ̀ pé ó ti lọ. Mo mọ ohun tó fa èyí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi débẹ̀, pé ayé kò fẹ́ ẹni fọ́rọ̀. N kò ní fi ìbẹ̀rù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti rí ìlara tó ba iṣẹ́ jẹ́. Àmọ́ láàrin kí a sọ fún àdúgbò àti kí a má sọ fún ẹnì kankan, àyè wà níbẹ̀, ó sì fẹ̀. Nígbà tí owó ilé ìwé apá kejì dé bá a lẹ́yìn tí náírà ti ṣubú, kò sí fóònù tó lè pè. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ mọ̀ ọ́n jẹ. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ́dọ̀ wa níkẹyìn láti yáwó lórí ìfowópamọ́ tirẹ̀. Kò jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó ti gbé ẹrù kan láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn mìíràn tún wà tí ìbéèrè kan ṣoṣo gbà là. Ọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti pinnu pé ìyàwó yóò kọ́kọ́ lọ kàwé, ọkọ yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún kan, owó ìnáwó ńlá ni wọ́n sì wá yá. Ìyá aránṣọ bi wọ́n pé bí ilẹ̀kùn bá tì kí ọkọ tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ìyá yìí ò mọ nǹkankan nípa òfin ìlú òkèèrè. Ó kàn mọ̀ pé ilẹ̀kùn máa ń tì. Wọ́n lọ rò ó, wọ́n dín ìnáwó kù, wọ́n sì jọ lọ pọ̀ lọ́dún 2023. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ẹnikẹ́ni ò sì lè rí i tán. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́rin ń ríran ju ojú méjì lọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí àwọn tí èèyàn ní kò bá dáa ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń fi owó ilẹ̀ pamọ́ láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀, nítorí gbogbo ohun tí ọkọ náà bá gbọ́ nípa rẹ̀, tẹ́tẹ́ ló ń gbà á lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kí obìnrin yẹn lọ tú àṣírí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é o. Ìyá rẹ̀ mọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń tajà mọ̀, ọ̀rẹ́ yìí ló dúró fún un, àwa ìgbìmọ̀ náà sì mọ̀. Nígbà tí ó kúrò nílé ọkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ibì kan wà tí ó ń lọ. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fipá mú èèyàn lórí ẹni tí yóò sọ fún. Kó ṣáà rí ẹni tó máa sọ fún.

Ìmọ̀ràn tí a ń fúnni lórí owó gan-an ti yí padà, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò yí. A máa ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ pé fi pamọ́, fi pamọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, iye tí ọjà fi ń gbówó lórí lọ́dún ju 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba, nítorí náà ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ lásán, ó ń dín kù lójú rẹ̀. Àwọn ìyá ọjà ti mọ èyí kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Oníata kan máa ń gba owó rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lu búlọ́ọ̀kù ló sì ń gbà lọ tààrà. Ó to búlọ́ọ̀kù náà sórí ilẹ̀ rẹ̀, koríko hù bò wọ́n, àwọn aládùúgbò ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí owó símẹ́ǹtì fò sókè, ògiri rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo wá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa wo ọwọ́ àwọn obìnrin bí èyí.

Èyí tó ń kó ìrònú bá mi jù báyìí ni owó tí wọ́n ń yá lórí fóònù. Láyé àtijọ́, onígbèsè tí kò san, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa pariwo, á máa gbá adìyẹ agboolé mú, títí ojú yóò fi ti gbogbo ẹbí tí wọn yóò dá owó jọ. Lónìí, ológò ti wọ inú fóònù. Ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, sí ọ̀gá rẹ, sí ìyá ìyàwó rẹ, pé olè ni ọ́. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022. Àwọn tí ológò ayé àtijọ́ ń dà láàmú, agbo ilé tó mọ̀ sí gbèsè náà ni. Àwọn tí ti òde òní ń pariwo sí létí, kò sí ẹni tó fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa yá irú owó yìí lóru ọjọ́ kan láti fi san owó ilé. Ó yá ti ibòmíràn láti fi san àkọ́kọ́, ó tún yá ẹ̀kẹta láti fi san èkejì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀ kí àwa tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ó ní ìfowópamọ́ lọ́dọ̀ wa, ìlọ́po méjì rẹ̀ tí a lè yá a ìbá san owó ilé náà tán, pẹ̀lú èlé tí kò tó nǹkan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú yín ni.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n n kò kàn lè pa òwe fún un kí n sì jókòó. Ó ní láti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kó tó wá, ó ní láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó dàgbà tó bàbá rẹ̀, ó sì ní láti sọ fún wọn pé òun ò rówó ilé san. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí èèyàn ń bẹ̀rù ju ológò lọ, ó yẹ kó tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti gbé àbá kan wá báyìí, pé kí gbogbo fọ́ọ̀mù bọ́ sórí fóònù, kí onídùúró máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ níbi tó bá wà, kí a má pe ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ ẹ, àwọn tó ń pàdánù ọjà ọjọ́ kan nítorí ìpàdé wa fẹ́ ẹ, mo sì gbọ́ tiwọn. Èmi àti ìyá aránṣọ ti jọ fi orí korí. Ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ ni pé owó tí kò bá ju ìfowópamọ́ èèyàn lọ, kó gba orí fóònù kọjá lọ́jọ́ kan náà, láìsí ìbéèrè. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọmọ ẹgbẹ́ yan ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ tó bá wù ú láti bá sọ̀rọ̀, ní ilé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìrọ̀lẹ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí àwọn onídùúró sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìgbéyàwó tàbí ìrìn àjò, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jókòó tì í. Ìpàdé ọdọọdún wa kò ní pẹ́ dé mọ́, ibẹ̀ la ó ti dìbò. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń ka orí, wọ́n sì pọ̀. Èmi àti ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.